Ìwé-ẹ̀rí méjì, ọjọ́ méjì: bí àwọn atúnléṣe ní Amẹ́ríkà ṣe ń sọ ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀dà òjé dọ̀tun

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ló gbà pé bí àwọn bá ti sanwó fún EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, tí ìwé-ẹ̀rí tuntun sì ti dé, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ti wà lábẹ́ ààbò òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwé-ẹ̀rí méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, èkejì jẹ́ ti ènìyàn. Ọjọ́ tí ọ̀kan máa tán kò kan èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ wọ́n dọ̀tun kò jọra.

RRP (Renovation, Repair and Painting, ìyẹn títún ilé ṣe àti kíkùn ún) ni wọ́n ń pe òfin tó dá méjèèjì sílẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Ó kan ilé gbígbé àti ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń wà, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ ṣáájú ọdún 1978 tí ìjọba fòfin de ọ̀dà tó ní òjé nínú ilé. Ẹni tó bá gba owó láti ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ tàbí láti gé ohun tí wọ́n kùn ún sí, tí ibi tó fọwọ́ kàn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 onígun mẹ́rin lọ nínú yàrá kan, tàbí 20 ní ìta, òfin náà ti mú un. Ti pípààrọ̀ fèrèsé kò tilẹ̀ ní ìdiwọ̀n. Bó ti wù kó kéré tó, òfin kàn án.

Ìwé ilé-iṣẹ́ dà bí ìwé ọkọ̀, ìwé ti ènìyàn sì dà bí ìwé ìwakọ̀. Ìwé ọkọ̀ lè pé pérépéré kí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ má ní ìwé ìwakọ̀. Awakọ̀ tí ìwé tirẹ̀ pé náà kò lè torí ìyẹn gbé ọkọ̀ tí kò ní ìwé sójú títì. Atúnléṣe tó ń dá ṣiṣẹ́, tí kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, nítorí òun ni awakọ̀, òun náà ni ọlọ́kọ̀.

Ti ilé-iṣẹ́ kò le. Ọdún 5 ló ń lò. Wọn yóò kọ̀wé béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò san dọ́là 300, ó parí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni pé kí ìbéèrè náà ti dé ọwọ́ EPA ní ó kéré tán ọjọ́ 90 kí ti àtijọ́ tó tán. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìbéèrè rẹ̀ sì pé, kódà bí EPA bá fi í falẹ̀, ìwé àtijọ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi fèsì. Ọdún 5 tuntun náà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ti àtijọ́ tán, nítorí náà ẹni tó bá tètè ṣe é kò pàdánù ohunkóhun.

Ti ènìyàn ni ọgbọ́n pọ̀ sí. EPA kọ́ ló ń fún un níwèé. Ilé ẹ̀kọ́ tí EPA fọwọ́ sí ló ń fún un, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀ lórí rẹ̀. Wákàtí 8 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ti ìránnilétí sì jẹ́ wákàtí 4. Ó gbọ́dọ̀ parí ti ìránnilétí kí ọjọ́ ìwé rẹ̀ tó pé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ìwakọ̀ ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹni tí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ díẹ̀ lè san owó ìtanràn kó sì gba òmíràn. Níhìn-ín, kò sí owó ìtanràn tó lè tún un ṣe. Bí ọjọ́ bá fi lè pé láìṣe é, wákàtí 8 ló kù, bí ẹni tí kò kọ́ ọ rí. Ọjọ́ tó parí ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ti ń ka ọdún tuntun, nítorí náà ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà tètè ṣe é ti fi oṣù mẹ́fà yẹn tọrẹ.

Wọ́n wá fi ohun kan kún un ní ọdún 2016, ìyẹn ló sì dára jù nínú gbogbo ètò náà. Ẹni tó bá ṣe ìránnilétí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ọdún 3 ni wọn yóò fún un. Ẹni tó bá wá síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe é, ọdún 5 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yìí kò lè tún un ṣe nígbà tó ń bọ̀. Ó di dandan kó fọwọ́ ṣe é. Wọn kò de ọ̀nà tó rọrùn, àmọ́ wọ́n dín ọjọ́ rẹ̀ kù.

Ìdí tí ọwọ́ fi ṣe pàtàkì hàn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ọ̀rá ìtẹ́lẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ti gbálẹ̀ tí wọ́n nulẹ̀, ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ni yóò mú aṣọ ìnulẹ̀ funfun tó tutù, yóò nu pẹpẹ fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀, ẹyọ aṣọ kan kò sì gbọ́dọ̀ nu ju ẹsẹ̀ bàtà 40 onígun mẹ́rin lọ. Yóò gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì kan tí wọ́n fi ń mọ bí aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó. Bó bá mọ́ tó káàdì náà tàbí tó mọ́ jù ú lọ, ibẹ̀ ti yege. Bó bá dọ̀tí jù ú lọ, wọn yóò tún ibẹ̀ nù, yóò sì tún un wò. Bí kò bá tún yege, yóò dúró fún wákàtí kan tàbí títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ tán, èyí tó bá pẹ́ jù, kó tó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Eruku òjé tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ni wọ́n ń wá, eruku tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ bí ó bá ti ọwọ́ wọ ẹnu. Ojú àti ọwọ́ ẹnì kan ni ilé náà gbára lé. Orí kọ̀ǹpútà kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀.

Ọwọ́ ẹnì kan náà kò sì dúró lórí òun nìkan. Òfin gbà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù má ní ìwé-ẹ̀rí, bí ẹni tó ní i bá ti kọ́ wọn níṣẹ́. Ohun tó bá ti gbàgbé, àwọn náà kò ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tó fi dára bí wọ́n ṣe fọwọ́ líle mú ọjọ́ tirẹ̀. Ibi tí ètò náà kù sí ni ti ilé-iṣẹ́: ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 5 ni wọ́n ń san owó, kò sì sí ẹni tó ń béèrè pé kí wọ́n fi bí ọwọ́ wọn ṣe mọṣẹ́ hàn.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi Massachusetts àti Wisconsin, ń darí ètò yìí fúnra wọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọjọ́ àti owó tiwọn. Àwọn tó ń yọ ọ̀dà òjé kúrò pátápátá kò sí nínú gbogbo èyí. Ìwé-ẹ̀rí tiwọn yàtọ̀.

Nígbà tí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí bá fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ní i níbẹ̀, ìwé ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà láìkú, àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí òfin yìí kàn títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn tó ní i.