Bí Ìwọ̀n Ìdènà Iná Mànàmáná Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ da iṣẹ́ Georg Simon Ohm rú ni bátìrì. Olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ni ní ìlú Cologne ní Jámánì, ó sì fẹ́ mọ bí iná mànàmáná ṣe ń dín kù tí wáyà bá ń gùn sí i. Bátìrì Volta tó wà nígbà náà kì í dúró lójú kan. Bí iná bá ṣe ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀. Bí iná bá wá dín kù, ṣé wáyà ló fà á ni, àbí bátìrì? Abájọ tí ìlànà tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1825 kò fi tọ̀nà.

Onímọ̀ físíìsì kan, Poggendorff, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó pa bátìrì tì, kó lo ohun tí onímọ̀ físíìsì mìíràn, Seebeck, ṣàwárí ní 1821: bí a bá so irin oríṣi méjì pọ̀ lójú méjì, tí ojú kan gbóná tí èkejì tutù, iná á máa ṣàn. Ohm so irin kan tó ń jẹ́ bismuth mọ́ bàbà, ó ki ojú kan bọ omi tó ń hó, ó ki èkejì sínú yìnyín tó ń yọ́. Nítorí pé ìgbóná méjèèjì kì í yí padà, agbára tó ń ti iná dúró gbọn-in. Ó wá ń fi wáyà bàbà mẹ́jọ tó nípọn bákan náà, tí gígùn wọn yàtọ̀, sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kan so rọ̀ lókè ibi tí iná ń gbà. Bí iná bá ti tì í kúrò ní àyè rẹ̀, Ohm á lọ́ okùn tó gbé e kọ́ títí yóò fi padà sí àyè rẹ̀. Bó ṣe lọ́ ọ tó ni ìwọ̀n iná náà.

Ní 1826, èsì rẹ̀ dúró: fi gígùn wáyà kún nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, kí o fi àpapọ̀ wọn pín nọ́ńbà agbára, ìwọ̀n iná nìyẹn. Nọ́ńbà tí a fi kún gígùn yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú sí jù. Òun ni ìdènà, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ láti ṣàn, ti gbogbo ibi yòókù tí iná ń gbà kọjá, títí kan inú ohun tó ń pèsè iná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á gé wáyà kúkúrú sí méjì, á retí kí iná di ìlọ́po méjì, kò sì ní rí bẹ́ẹ̀. Ohm kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1827. 1841 ni Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley.

Síbẹ̀, kò tíì sí òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò fún ìdènà. Onímọ̀ físíìsì kan, Jacobi, fi wáyà bàbà kan ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní 1848, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ péré nínú bàbà ti tó láti yí ìdènà rẹ̀ padà. Ní 1860, Werner Siemens, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, yan mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi: inú ihò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà kan níbùú lóròó (1 mm²), gígùn mítà kan, ní ìgbóná 0°C. A lè sọ mákúrì di oru kí ó tún di olómi padà láìní ìdọ̀tí, títẹ̀ tàbí fífà kò sì lè ba nǹkan tó ń ṣàn jẹ́. Ìgbóná ṣe pàtàkì, torí ìdènà bàbà ń fi bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i bí ìgbóná bá fi 10°C gòkè.

Ìpàdé àwọn onímọ̀ iná mànàmáná ní Párís ní 1881 gba ohm wọlé gẹ́gẹ́ bí orúkọ òṣùwọ̀n ìdènà. Ti Chicago ní 1893 ní kí ó jẹ́ ìdènà mákúrì tó gùn ní 106.3 sẹ̀ǹtímítà, tó wọn gíráàmù 14.4521, ní ìgbóná yìnyín tó ń yọ́. Wọ́n dárúkọ ìwúwo nítorí pé ó rọrùn láti gbé mákúrì sórí òṣùwọ̀n ju láti wọn inú ihò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Ní 1980, Klaus von Klitzing, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, rí ìdènà kan, nǹkan bí ohm 25,812.807, tí kò sinmi lórí ìrísí ohun tí a wọ̀n, tí ilé ìwádìí èyíkéyìí sì lè tún rí. Òun ni wọ́n ń fi yẹ àwọn òṣùwọ̀n ohm wò lónìí.