Ìwé ìhágún: ìbuwọ́lù kan, ẹlẹ́rìí méjì

Ìwé ìhágún, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wíìlì, ni ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹni tí ohun ìní rẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọdé ò lè ṣe é. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà ò lè ṣe é, èyí tí wọ́n sì fipá mú èèyàn ṣe, òfo ni. Ìyẹn ò ṣòro láti lóye. Ìbuwọ́lù ni wàhálà wà.

Ká ní màmá kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta, ó kọ́lé kan, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Pánṣẹ́kẹ́. Ì báà fọwọ́ kọ wíìlì rẹ̀, ì báà ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò burú, kó ṣáà ti wà lákọsílẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí, ni yóò buwọ́ lù ú. Ohun tó bá tún kọ sábẹ́ ìbuwọ́lù náà kò lágbára. Ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tó ń buwọ́ lù ú, tàbí nígbà tó ń sọ fún wọn pé ìbuwọ́lù tó wà níbẹ̀ tòun ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì yóò buwọ́ lù ú lójú rẹ̀.

“Jọ wà níbẹ̀” yìí ló ń ba ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bí màmá bá buwọ́ lù ú lójú aládùúgbò kan láàárọ̀, tó wá gbé e lọ bá ẹlẹ́rìí kejì ní Lafẹ́nwá nírọ̀lẹ́, orúkọ méjì pé lórí ìwé lóòótọ́, àmọ́ ìwé náà ò lè dúró. Ìwé fúnra rẹ̀ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá pẹjọ́, tí lọ́yà bi ẹlẹ́rìí pé “Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yin àti màmá nígbà tó ń buwọ́ lù ú?”, àṣírí tú nìyẹn.

Ẹ má sì fi ẹni tó máa jogún ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwé náà ò ní torí ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n há fún ẹlẹ́rìí yẹn ti lọ, èyí tí wọ́n há fún ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ náà ti lọ. Lójú tèmi, ibi tó ń dunni jù nìyí, torí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá ló sábà máa ń wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa buwọ́ lùwé. Ẹ wá ará ìta. Kò sì pọn dandan kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi bébà bo ọ̀rọ̀ tó wà lókè.

Màmá tí ò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Kí wọ́n kà á fún un lédè Yorùbá títí yóò fi yé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 ni òfin ìhágún wa ti wá, ó sì wà nínú àkójọ òfin Ìwọ̀ Oòrùn ti 1959, àmọ́ tiwa ò ta àṣà nù. Ilé ẹbí ní agbolé kò ṣeé há fún ẹnì kan, torí kì í ṣe ti màmá nìkan. Èyí tó fowó àdìrẹ kọ́ ni tirẹ̀.

Bàbá tó bá ní ìyàwó púpọ̀, tí kò ṣe wíìlì, tó jẹ́ pé lábẹ́ àṣà ni wọ́n ń pín ogún rẹ̀, ìdí igi ni wọ́n sábà máa ń gbà pín in: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n máa wò, kì í ṣe iye ọmọ. Ní 1962 ni Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ Nàìjíríà lọ nígbà náà, fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó wá láti Èkó. Aya tó bí ọmọ kan àti èyí tó bí márùn-ún, ọgbọọgba ni ìpín wọn. Inú àwọn kan ò dùn sí i, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń wá lọ́yà.

Ẹni tó bá ṣe wíìlì tán, tó wá ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù, wíìlì àtijọ́ ti kú. Kó ṣe òmíràn. Bó bá kàn fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, kó má fi báírò fa ìlà sí i kó sì dákẹ́: òun àti ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ibi tó tún ṣe náà.