Kábọ́nù oníhò tín-ín-tìn-tín láti ara èèpo àgbọn

Kábọ́nù oníhò tín-ín-tìn-tín ni èédú tí a tún ṣe títí ihò tí ojú lásán kò lè rí fi gba inú rẹ̀ kan. Wọ́n ń lò ó gẹ́gẹ́ bí katalísì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ run sí i, tàbí gẹ́gẹ́ bí ibùjókòó fún irin tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èèpo líle àgbọn wà lára ohun tí wọ́n ń sun láti rí i, èèpo yìí kan náà tí àwọn tó ń fún òróró àgbọn ní Àgbádárìgì ń kó jọ gègèrè.

Èèpo àgbọn ki, eérú rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí a bá sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, èédú ni yóò ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni a óò fẹ́ oru omi sí i ní ìwọ̀n ooru 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Oru náà a máa sọ díẹ̀ lára kábọ́nù di gáàsì, ibi tí kábọ́nù bá sì ti kúrò ló ń di ihò. Ojú gbogbo ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo lè ju mítà onígun mẹ́rin 1,000 lọ, èyí tó fẹ̀ ju púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ Èkó tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120.

Síbẹ̀, ihò púpọ̀ nìkan kò tó. IUPAC, àjọ àgbáyé fún ìmọ̀ kẹ́míkà, pín ihò sí èyí tí kò tó nánómítà 2 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), èyí tó wà láàárín 2 sí 50, àti èyí tó ju 50 lọ. Èyí tó kéré jù ló pọ̀ jù nínú èédú àgbọn, ó sì dà bí agboolé tí yàrá kún inú rẹ̀ tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: mọ́líkù ńlá, ìyẹn átọ́mù tó so pọ̀ di ọ̀kan, kò lè wọlé, èyí tó sì ti yí padà kò tètè rọ́nà jáde. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń la ihò ńlá sí ti àárín, ti àárín sí kékeré. Ní 1999, Ryong Ryoo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà Gúúsù fi ṣúgà kún ihò sílíkà, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyanrìn, wọ́n sun ún di kábọ́nù, wọ́n sì yọ́ sílíkà náà dànù. Kábọ́nù tó kù ní ihò tó tò létòlétò.

Bí a bá fi náítrójìn rọ́pò díẹ̀ lára átọ́mù kábọ́nù, ojú rẹ̀ a túbọ̀ lè bá ọ́ksíjìn ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fi háídrójìn ṣe iná mànàmáná, iṣẹ́ tí plátínọ̀mù olówó iyebíye ń ṣe níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ irin la gbé sórí kábọ́nù, ihò náà kì í jẹ́ kí egunrín irin tètè ṣù pọ̀ di kókó nígbà tí ooru bá mú wọn.