Àgbẹ̀dẹ Ni Iná Mànàmáná Ti Wá

Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Michael Faraday rí i ní Lọ́ńdọ̀nù bí òòfà ṣe ń bí iná mànàmáná. Ọdún kan ni Abẹ́òkúta fi ṣe ẹ̀gbọ́n fún ìmọ̀ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ké ní Kútọ̀ àti tìràǹsífọ́mà tó wà lórí òpó ní Ìtòkú, orí òfin kan náà ni wọ́n dúró lé: bí agbára òòfà bá ń rìn tàbí tó ń yí padà nítòsí wáyà, iná á gba inú wáyà náà kọjá. Bí òòfà bá dúró sójú kan, iná tán nìyẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1820, nígbà tí Oersted rí i ní Copenhagen pé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀dẹ ni mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1600 ni William Gilbert, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí alágbẹ̀dẹ bá na irin gbígbóná kọjú sí àríwá àti gúúsù, tó ń lù ú títí ó fi tutù, irin náà á di òòfà. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ẹ̀gbá sì ti ń lu irin tipẹ́ nínú igbó Ẹ̀gbá, kí ogun tó lé wọn wá sídìí Olúmọ. Nínú gbogbo ọkọ́ àti àdá tí wọ́n rọ, ṣé kò ní sí èyí tó kọjú sí àríwá? Ó dá mi lójú pé wọ́n rí èérún irin tó lẹ̀ mọ́ ojú ọkọ́ tuntun, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń bọ Ògún, tó wá rí irin tó ń fa irin, kò ní fojú yẹpẹrẹ wò ó. Ojúbọ ni yóò gbé e lọ, tòun ti obì àti epo.

Faraday pàápàá, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Kò kàwé púpọ̀. Iṣẹ́ ìwé dídì ló fi ọdún 7 kọ́, inú ìwé tí wọ́n gbé wá fún dídì ló sì ti ń ka ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ní 29 oṣù kẹjọ 1831, ó mú òrùka irin kan tó fẹ̀ tó ínṣì 6, ó wé wáyà bàbà sí apá kan, ó wé òmíràn sí apá kejì. Kí wáyà má baà fara kanra, okùn àti aṣọ òwú ló fi là wọ́n láàárín. Mọ̀lẹ́bí tẹ́ẹ́rù tí àwọn aláró Ìtòkú ń rẹ ni aṣọ yẹn. Ó so wáyà kan mọ́ bátìrì. Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wáyà kejì mì, ó sì padà sáyè rẹ̀. Ó yọ bátìrì, abẹ́rẹ́ tún mì. Láàárín méjèèjì, abẹ́rẹ́ ò mira. Ní 17 oṣù kẹwàá, ó ń ti ọ̀pá òòfà bọ inú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé yípo yípo, ó ń fà á yọ, abẹ́rẹ́ sì ń mì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 28, ó yí àwo bàbà láàárín ẹnu òòfà ńlá, iná ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn kan ní Joseph Henry ará Amẹ́ríkà ló ṣáájú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 1832 ló tó tẹ tirẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn èyí, Pixii ṣe jẹnẹrétọ̀ afọwọ́yí ní Paris ní 1832, tìràǹsífọ́mà tó wúlò jáde ní Budapest ní 1885, dáàmù Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983 pẹ̀lú ẹ̀rọ iná 3, mẹgawáàtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wà láìṣiṣẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Àwọn rìwáíńdà wa, àwọn tó ń tún kọ́ìlì wé, ni iṣẹ́ Faraday wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Bí kọ́ìlì fáànù tàbí ẹ̀rọ omi bá jó, wọ́n á tú u, wọ́n á ka iye ìgbà tí wáyà yí, wọ́n á wọn bó ṣe nípọn tó. Wọ́n á fi bébà tẹ́ inú irin, wọ́n á wé wáyà tuntun, wọ́n á fi òwú dì í, wọ́n á da fánììṣì sí i, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Bí iye yíyí bá dín, mọ́tò á gbóná, á sì tún jó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kà á.