Bí Sẹ́ẹ̀lì Pupa Inú Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Gbó

Alátọ̀gbẹ tí ó bá sá fún iyán fún ọjọ́ méjì ní Adó-Èkìtì kí ó tó lọ ṣe HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń díwọ̀n ṣúgà, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé, ṣúgà a sì máa lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn, èròjà pupa inú rẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn, díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, débi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ni àyẹ̀wò náà ń kà.

Sẹ́ẹ̀lì yìí kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Kí ó tó kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun ni ó ti ju kókó àárín rẹ̀ nù kí àyè lè gba hẹmoglóbìn, nítorí náà èròjà tí ó gbé jáde nílé ni yóò ná títí tí yóò fi tán. Ọ́síjìn ń wọ orí irin inú hẹmoglóbìn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ irin náà bí ó ti ń lọ, irin yóò sì yí padà bí àdá tí ó dípẹtà, kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí ń ṣe àtúnṣe irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ yìí gbára lé ni G6PD, agbára rẹ̀ sì ń relẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà. Àìtó G6PD láti inú ìbí kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọkùnrin Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ọmọ tuntun fi léwu, nítorí pé bí èròjà rẹ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí ó ti gbó ni yóò kọ́kọ́ bẹ́, ibà pọ́njú yóò sì tẹ̀ lé e.

Awọ sẹ́ẹ̀lì náà ń já sọnù ní wẹ́wẹ́, sẹ́ẹ̀lì á kéré sí i, á sì ki sí i. Ọ̀rá kan tí ipò rẹ̀ jẹ́ ìhà inú awọ náà á yọjú síta, èyí sì wà lára àmì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹ̀dọ̀tí inú ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀ fi ń mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n gbé mì. Irin rẹ̀ á padà sí mùdùnmúdùn eegun. Èyí tí ó kù lára ohun tí ó di irin náà mú á di bílírúbìn, èròjà tí ń mú ojú pọ́n nínú ibà pọ́njú, á sì bá òróòro wọ ìfun.

Ní ti ẹni tí ó ní SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ṣúgà kì í sì í ráyè lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà HbA1c kò ṣeé fi díwọ̀n ṣúgà rẹ̀.