Ògbufọ̀ ni emulator, ẹ yéé pè é ní ayédèrú

Emulator ni ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lè ṣe géèmù tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ mìíràn, oríṣiríṣi orúkọ sì ni àwọn èèyàn ń pè é ní Yorùbá. Àwọn tó ń kọ "ẹ̀rọ ayédèrú" ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ohun tó bá ń jẹ́ ayédèrú, ẹ̀tàn ló bá wá: owó tí báńkì kò gbà, oògùn tí NAFDAC ń dáná sun. Ta ni emulator tàn jẹ? Ẹni tó fi géèmù Nintendo àtijọ́ sínú Dreamcast rẹ̀, ẹ̀rọ géèmù Sega, mọ̀ dájú pé Dreamcast ni òun jókòó tì. Àwọn kan tún wà tó ń kọ "àsínjẹ". Wọ́n gbàgbé pé tí a bá sín ẹnìkan jẹ, yẹ̀yẹ́ la fi ń ṣe. "Afarawé" sàn díẹ̀ ju méjèèjì lọ, òun ló sì wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ fún wa. Afarawé lè máa wo ìrísí nìkan. Emulator kò mọ̀ bí ìrísí ṣe rí, àṣẹ ló ń gbọ́.

Ògbufọ̀ ni èmi ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Kò sẹ́ni tó lọ sí ìsọjí rí tí kò mọ iṣẹ́ ògbufọ̀. Oníwàásù dé láti òkè òkun, kò gbọ́ Yorùbá. Ìjọ jókòó, wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ògbufọ̀ dúró tì í pẹ̀lú makirofóònù tirẹ̀: èyí sọ gbólóhùn kan, òun náà sọ ọ́ ní Yorùbá, ìjọ ṣe àmín. Géèmù tí wọ́n kọ fún NES, ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́, ni oníwàásù yẹn, èdè 6502, ìyẹn ṣíìpù inú NES, nìkan ló gbọ́. Dreamcast ni ìjọ, èdè SH-4, ṣíìpù ti Hitachi, nìkan ló sì yé òun. Emulator ló dúró sí àárín, tó ń gba àṣẹ lẹ́nu èyí, tó ń sọ ọ́ fún ìyẹn, àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé oníwàásù yìí kì í dúró mí. Ìgbà ọgọ́ta ni àwòrán ń yí padà lójú tẹlifíṣàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ògbufọ̀ bá sì fi díẹ̀ pẹ́, orin á máa fà, ẹni tó ń fò nínú géèmù á máa gbọ̀n. Ìdí rèé tí ìbéèrè "ṣé Dreamcast lè gbé e?" fi jẹ́ ìbéèrè nípa ẹnu yíyá. Ìyára ṣíìpù inú NES kò tó 2 MHz. Ti Dreamcast jẹ́ 200 MHz, nítorí náà ògbufọ̀ ní àyè tó pọ̀ láti ronú kó tó sọ̀rọ̀, NesterDC, ògbufọ̀ NES lórí Dreamcast, sì ń sáré geerege. Ẹ wá wo Super Nintendo. Ṣíìpù tirẹ̀ kò ju 3.58 MHz lọ, èèyàn á rò pé ohun tó rọrùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn ní ṣíìpù tirẹ̀, àwòrán ní tirẹ̀, àwọn káàtíríìjì mìíràn sì tún gbé ṣíìpù kẹta bíi Super FX wọlé. Gbogbo wọn ń wàásù lẹ́ẹ̀kan náà, ògbufọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń dá wọn lóhùn. DreamSNES, ògbufọ̀ Super Nintendo lórí Dreamcast, ń kọsẹ̀ nítorí èyí. Kódà Sega fúnra rẹ̀, nígbà tó kó àwọn géèmù Mega Drive, ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, jọ sínú Sega Smash Pack ti Dreamcast ní 2001, ohùn tó ti ibẹ̀ jáde kò ṣeé gbọ́ létí.

Ọdún 2001 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ bleem! gbé Bleemcast jáde. PlayStation ni wọ́n ń túmọ̀, tí ṣíìpù rẹ̀ lé ní 33 MHz. Bí ẹ bá fi ìṣirò NES wò ó, kò yẹ kó ṣeé ṣe. Wọ́n ṣe é. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé sídíì kọ̀ọ̀kan wà fún géèmù kan péré: ọ̀kan fún Gran Turismo 2, ọ̀kan fún Tekken 3, ọ̀kan fún Metal Gear Solid. Ògbufọ̀ tó ti ka ìwàásù náà sílẹ̀ ni. Nígbà tí géèmù bá ní kí wọ́n ya igun mẹ́ta báyìí sójú ìwòran, kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́, ó gbé ìtumọ̀ fún PowerVR, ìyẹn ṣíìpù àwòrán Dreamcast, kó yà á ní 640 sí 480. Ìdí nìyí tí àwòrán fi mọ́lẹ̀ ju ti PlayStation fúnra rẹ̀ lọ. Sony gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Bleem! kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n owó agbẹjọ́rò mu wọ́n gbẹ, ọdún náà kò sì parí kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn.

Ẹnìkan ti bá mi jà pé ògbufọ̀ (interpreter) ti jẹ́ ti Python àti àwọn èdè kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀, pé mo ń da ọ̀rọ̀ rú. Ṣé ìjọ kan ṣoṣo ló lè ní ògbufọ̀ ni?

Ó ku homebrew. Mo ti rí ẹni tó pè é ní "géèmù àpọnnílé", bí ẹni pé ilé ìpọntí ni Sega. Ètò àdáṣe ni mo ń pè é: ètò tí èèyàn kọ fún ẹ̀rọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà. Púpọ̀ nínú àwọn ògbufọ̀ tí mo dárúkọ lókè, ètò àdáṣe ni wọ́n. Kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú dída géèmù onígéèmù kọ, inú sì ń bí mi nígbàkúùgbà tí wọ́n bá so ó pọ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé. GD-ROM ni sídíì géèmù Dreamcast, ó gba nǹkan bíi 1 GB, kọ̀ǹpútà ilé kò sì lè kọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sega ti fi MIL-CD sínú ẹ̀rọ, fún sídíì orin tó ní àwòrán, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ gbà láti ṣí láti orí sídíì lásán. Ní 2000, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Utopia fi ojú ihò yẹn han gbogbo ayé. Sega dí i nínú àwọn ẹ̀rọ tó ṣe kẹ́yìn, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó fún àlòkù.

Kíkọ ètò àdáṣe fún Dreamcast kò le. Ẹ ó kọ ètò yín ní èdè kọ̀ǹpútà C, ẹ ó lo KallistiOS, àkójọ irinṣẹ́ fún Dreamcast, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò sì ní ọ̀rọ̀ Sega kankan nínú, GCC, ètò tó ń sọ C di èdè ṣíìpù, á sọ ọ́ di èdè SH-4. Ètò yín á jókòó sí àdírẹ́sì 0x8C010000 nínú ìrántí 16 MB tí Dreamcast ní. Ẹ ó sọ fáìlì náà ní 1ST_READ.BIN, IP.BIN, fáìlì tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà, á sì ṣáájú rẹ̀. Ibi tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà ni pé ẹ gbọ́dọ̀ da 1ST_READ.BIN rú kí ẹ tó kọ ọ́ sórí sídíì. Bí Dreamcast bá ń ka fáìlì yìí láti orí sídíì lásán, ó máa ń tún un tò. Bí ẹ kò bá dà á rú ṣáájú, ẹ̀rọ ló máa bá yín dà á rú.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn kan gbé GTA III lọ sórí Dreamcast, géèmù PlayStation 2 ti 2001, ẹ̀rọ tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 32 MB. Ariwo gba gbogbo ibi pé emulator PS2 ti dé. Kò sí ògbufọ̀ kankan níbẹ̀ o. Àwọn olùfẹ́ géèmù ti tú ètò náà palẹ̀, wọ́n tún un kọ ní èdè tí èèyàn lè kà, àwọn ti Dreamcast wá fi KallistiOS sọ ọ́ di SH-4, wọ́n sì fún àwòrán rẹ̀ pọ̀ kó lè gba inú 16 MB. Oníwàásù fúnra rẹ̀ ló kọ́ Yorùbá.