Ìdí Tí Iye Aṣojú Kì Í Fi Í Dọ́gba Nínú Ìdìbò Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Bí ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ bá ti gbóná ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni iye aṣojú tí tẹlifíṣọ̀n kan máa kà fún olùdíje, ọ̀tọ̀ ni ti iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, ọ̀tọ̀ sì tún ni èyí tí àwọn tó ń bá olùdíje náà polongo máa gbé jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà pé ẹnì kan ló ń parọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí. Ìṣirò olúkúlùkù lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì kò lórí àwọn tó yẹ ká kà, àti iye tí olùdíje gbọ́dọ̀ ní kó tó borí.

Àwọn aṣojú ló ń dìbò ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa olùdíje kalẹ̀. Ìbò tí ará ìlú ń dì ní ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń pín àwọn aṣojú náà. Nínú ẹgbẹ́ Democrat, ẹni tí ìbò rẹ̀ kò bá tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní rí aṣojú kankan gbà. Àwọn yòókù á pín in bí ìbò wọn bá ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ Republican fi ìpínlẹ̀ sílẹ̀ láti pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀ fúnra wọn, tó fi jẹ́ pé láwọn ibì kan, ẹni tó ṣe ipò kìíní ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Inú ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ni Democrat ti ń pín èyí tó pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ká sọ pé ẹkùn kan ní aṣojú 4, tí èèyàn méjì péré ń du ipò. Bí ọ̀kan bá gba ìdá 59 ìbò, tí èkejì gba 41, méjì-méjì ni wọ́n máa pín in. Àfi kí ẹni tó wà níwájú kọjá ìdá 62 ààbọ̀ kó tó lè gba ìkẹta. Ṣùgbọ́n ní ẹkùn tó ní aṣojú 3, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo lé ju èkejì lọ ti mú méjì nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nevada ní January 19, 2008 nìyẹn. Hillary Clinton rí nǹkan bí ìdá 51, Barack Obama rí nǹkan bí 45, síbẹ̀ aṣojú 13 ni wọ́n kà fún Obama, 12 fún Clinton. Lápá Las Vegas tí Clinton ti lágbára, iye aṣojú ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Lápá àríwá tí Obama ti lọ́wọ́ òkè, kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ìpolongo méjèèjì ló kéde pé àwọn ló borí, irọ́ kò sì sí lẹ́nu ìkankan wọn.

Ìpínlẹ̀ tó ń lo caucus, ìyẹn ìpàdé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń péjọ ládùúgbò láti yan ẹni tí wọ́n fẹ́, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Iowa lọ́dún 2012, Republican kọ́kọ́ kéde pé Mitt Romney fi ìbò 8 borí, kí wọ́n tó wá sọ pé Rick Santorum ló fi 34 ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìbò alẹ́ ọjọ́ yẹn kò de aṣojú kankan mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dúró lẹ́yìn ìbò, tí wọ́n ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn títí dé ti ìpínlẹ̀, ni wọ́n yan aṣojú, àwọn alátìlẹ́yìn Ron Paul tó ṣe ipò kẹta ló sì dúró jù. Nígbà tí wọ́n dé ìpàdé àpapọ̀ ní Tampa, 22 nínú ìbò 28 tí Iowa ní ló lọ fún Paul. Gbogbo iye tí ìròyìn ti ń kà láti January, ìfojúdíwọ̀n lásán ni.

Àwọn superdelegate wà níbẹ̀ pẹ̀lú: gómìnà, aṣòfin àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Democrat, tí wọ́n lè tẹ̀ lé ẹni tó wù wọ́n. Ní June 6, 2016, Associated Press kéde pé Clinton ti ní 2,383 tó nílò, nígbà tó ku ọ̀la kí California dìbò. Wọ́n ti pe àwọn superdelegate lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí wọ́n máa tẹ̀ lé. Àwọn ènìyàn Bernie Sanders fárí gá pé July ni wọ́n tó máa dìbò, wọ́n ṣì lè yí ọkàn padà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kíka ìlérí ẹnu mọ́ aṣojú tí ìbò ará ìlú ti dè, láìya wọ́n sọ́tọ̀, ń ṣi àwọn olùdìbò lọ́nà. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ náà ṣòfin pé àwọn superdelegate kò ní dìbò nígbà àkọ́kọ́ ní ìpàdé àpapọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti ní aṣojú tó tó láìsí tiwọn.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ ni iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n aṣẹ́gun. Michigan àti Florida dìbò ní January 2008, ṣáájú àkókò tí òfin ẹgbẹ́ Democrat fún wọn, ẹgbẹ́ sì gba gbogbo aṣojú wọn kúrò lọ́wọ́ wọn. Obama tilẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìdìbò Michigan. Láìka ìpínlẹ̀ méjèèjì, 2,025 ni ẹni tó máa borí nílò. Bí a bá kà wọ́n ní kíkún, ó lé ní 2,200. Obama ń lo ti àkọ́kọ́, Clinton ń lo ti èkejì. Ní May 31, ìgbìmọ̀ òfin ẹgbẹ́ jókòó ní Washington, wọ́n ní kí aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìbò. Ní ti Michigan, wọ́n fún Clinton ní 69, Obama 59, nígbà tó jẹ́ pé 73 ni ìbò ibẹ̀ fún Clinton. Harold Ickes, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà tó sì ń ṣiṣẹ́ fún Clinton, fi ìbínú sọ̀rọ̀ lórí aṣojú mẹ́rin yẹn. Bẹ́ẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó dìbò lọ́dún 2007 pé kí wọ́n fìyà jẹ àwọn ìpínlẹ̀ náà. Òǹkà wá di 2,118, Obama sì kọjá rẹ̀ ní June 3. Ní August, nígbà tí Clinton ti jáwọ́, ẹgbẹ́ dá odindi ìbò padà fún aṣojú Michigan àti Florida.